Agbádá sányán bàbá yín: ẹ tú u, ẹ má gé e

Ìjàpọ̀ Estate níbí ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ọyẹ́ sì ti gbẹ mí létè, nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ tí mo dákẹ́ díẹ̀, omi ni mo ń mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ẹ káàbọ̀. A ti yọ ibi tí ajá àdúgbò ti ń gbó kúrò fún yín.

Arákùnrin kan ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ọmọ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n Alágbàká níbí ló ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ fi agbádá sányán kan sílẹ̀ nínú àpótí. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí bàbá ti papò dà, kò sì sẹ́ni tó gbé aṣọ náà wọ̀ láti ìgbà náà. Ó tóbi ju òun lọ, òun kì í sì í lọ òde ńlá. Ohun tó ń wá ni aṣọ ìbílẹ̀ kan tó ṣeé jù sọ́rùn lọ́jọ́ Sátidé, lórí ṣòkòtò jíǹsì pàápàá, tó sì máa gbà á lọ́wọ́ òtútù àárọ̀ bó bá gun ọ̀kadà jáde láti lọ wọkọ̀ Oǹdó. Télọ̀ rẹ̀ ní kó gbé agbádá náà wá, òun á gé e, òun á fi rán jákẹ́ẹ̀tì tó ní síìpù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbọ́, ó fárí gá. Ó ní ẹni tó bá fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ bàbá òun, kó má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Arákùnrin wa wá bi wá pé ta ló jàre.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi kíákíá kí ẹ má baà máa dúró. Ẹ̀gbọ́n yín jàre lórí ọ̀rọ̀ sísọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin náà jàre, nítorí kò yẹ kí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa jókòó sínú àpótí títí kòkòrò á fi jẹ ẹ́ tán. Télọ̀ nìkan ni kò jàre. Mi ò sọ pé kò mọṣẹ́ o. Ó lè mọ senator rán dáadáa, kó sì mọ kàfútáànì rán. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè kì í ṣe aṣọ tí a ń wọ̀n ní yáàdì, ọwọ́ tí a fi ń mú yáàdì kọ́ la fi ń mú un.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn. Ṣé sányán ni lóòótọ́, àbí aṣọ òkè tó kàn ní àwọ̀ sányán? Àwọn àgbà máa ń sọ pé sányán baba aṣọ, àlàárì baba ẹ̀wù. Kì í ṣe torí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Òwú sányán kò wá láti oko òwú rárá. Kòkòrò kan ló wà nínú igbó wa tó máa ń di labalábá òru; Anaphe ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀ wọn á kó ara wọn jọ sórí igi, wọ́n á hun ilé kan ṣoṣo yí ara wọn ká. Ilé yẹn làwọn èèyàn ń já, wọ́n á sè é nínú omi eérú kó lè rọ̀, wọ́n á sì fi ọwọ́ ran án di òwú. Kò gba aró kankan. Àwọ̀ bí iyanrìn etídò tó tutù yẹn, bó ṣe ti inú igbó wá nìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Ìkàrẹ́ tó ń gbọ́ mi á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, torí pé oúnjẹ ni ìbátan kòkòrò yìí jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ rọra o. Ní 1993, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé e jáde pé jíjẹ Anaphe venata wà lára ohun tó ń fa àìsàn tó ń mú kí ẹsẹ̀ èèyàn máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lákòókò òjò lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí aṣọ.

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní sányán lóde òní, òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n pa láró ni. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Ẹ wo abẹ́ ìṣẹ́tí agbádá náà, ẹ máa rí òwú kan tó ti yọ fúnra rẹ̀. Ẹ já a, ẹ fi iná kàn án lórí àwo. Bó bá rùn bí irun tó jóná, tí eérú rẹ̀ sì rún wómúwómú lábẹ́ ìka, ara kòkòrò ló ti wá, sányán gidi ni. Bó bá jó wìì tó sì rùn bíi bébà, òwú oko ni tàbí rayon. Bó bá yọ́, tó wá di kókó líle bí ike, ọ̀rá ni, ẹ̀yin pẹ̀lú télọ̀ yín lẹ lè ṣe é bó bá ṣe wù yín. Mi ò ní bá yín jà.

Ká wá ní sányán gidi ni. Ẹ gbé e síta lójú mọmọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní, ẹ fi ìka yín tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹ máa rí i pé kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó hun ún lórí òfì kò hun aṣọ fífẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ló ń hun, tí fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju ínǹṣì 4 sí 6 lọ. Aránṣọ ló wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, etí sí etí, tó rán wọn pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wo fíìmù Aníkúlápó tí Kunle Afolayan ṣe ní 2022, ẹ rántí pé ahunṣọ òfì ni Sàró. Irú iṣẹ́ tí à ń sọ nìyẹn.

Ibi tí ọgbọ́n àwọn bàbá wa wà nìyí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwa kì í rí i. Etí ọ̀já kọ̀ọ̀kan ti di láti orí òfì, kò lè yọ òwú. Nítorí náà, aṣọ tí wọ́n fi ọ̀já rán ṣeé tú palẹ̀, ó sì ṣeé tún rán. Bí apá kan bá gbó, wọ́n á yọ ọ̀já yẹn nìkan, wọ́n á fi òmíràn sí i. Bí baba bá sanra, wọ́n á fi ọ̀já kún un. Bí ọmọ bá jogún ún, tó sì jẹ́ pé pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọmọ, wọ́n á yọ díẹ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ìbú, tàbí tí ẹ gé ọrùn apá jákẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, ibi tí ẹ gé yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òwú, ọ̀já náà ti kú, kò sẹ́ni tó lè jí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹ tú u, ẹ má gé e.

Kí la wá fẹ́ fi ṣe? Arákùnrin wa ń fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì ní èjìká tó dà gẹ̀rẹ́, ó ní ọrùn apá tó rí roboto, ó ní kọ́là. Kò sí èyí tí wọn ò ní gé nínú gbogbo rẹ̀. Aṣọ ilẹ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀já kan ṣoṣo á ti iwájú gba èjìká kọjá lọ sẹ́yìn, kò sí ojú rírán lórí èjìká. Agbádá bàbá yín ti ní ọrùn tẹ́lẹ̀, ó ti ní àpò, ó sì ti ní iṣẹ́ jákàn lára. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ ju gbogbo ìyẹn nù nítorí síìpù?

Ohun tí màá sọ fún télọ̀ nìyí. Ká ní ọ̀já náà fẹ̀ ní ínǹṣì 4, tí agbádá náà sì ní ọ̀já 26 láti apá kan dé ìkejì. Kó tú 8 kúrò lápá ọ̀tún, kó tú 8 kúrò lápá òsì. Ó ku 10 láàárín, ìyẹn ínǹṣì 40. Lára ọkùnrin tí kò ga jù, tí kò kúrú jù, á dúró lókè ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀. Kó rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kó fi ibi tí apá máa gbà sílẹ̀. Ìṣẹ́tí tó bá gùn jù, kó ká a sínú, kó má gé e. Ọrùn wà níbẹ̀, jákàn wà níbẹ̀, àpò náà wà níbẹ̀. Bí jákàn yẹn bá fẹ̀ ju ọ̀já 10 lọ, kó fi 12 sílẹ̀.

Ẹ ti rí nǹkan tí ó dà báyìí? Dàńṣíkí ni. Ẹ̀wù tó ṣeé jù sórí àdìrẹ alápá gígùn, sórí bùbá funfun, sórí jíǹsì bí ẹ bá fẹ́. Orúkọ yẹn gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ló ti wá, ɗan ciki, ẹ̀wù inú, èyí tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ ńlá. Ẹ̀wù inú yìí náà ló wá di ẹ̀wù òde, tó fi dé Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, tí àwọn ọmọ adúláwọ̀ ibẹ̀ ń wọ̀ ọ́ jáde láti fi hàn pé àwọn mọ orísun àwọn. Wọ́n ń pè é ní dashiki títí dòní.

Àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun rárá, ẹ lè sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀wù kan wà tí ń jẹ́ ṣàpárá. Orúkọ dókítà ni. Dókítà Oguntola Sapara, ìlú Èkó, ẹni tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Scotland tó sì padà wálé. Wọ́n ní ìwúwo agbádá kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ní kí wọ́n rán èyí tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún òun, orúkọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ aṣọ náà. Ṣáájú ìyẹn ni àlùfáà kan ti wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Brown Vincent. Ní 1894 ó yí orúkọ padà sí Mojọlá Agbébí, ó sì kọ aṣọ òyìnbó sílẹ̀. Aṣọ Yorùbá ló ń wọ̀, kódà lókè òkun. Nígbà yẹn àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń wọ kóòtù onírun nínú ooru, wọ́n ń làágùn, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ọ̀làjú. Ọ̀rọ̀ aṣọ tó bá ojú ọjọ́ wa mu ti pẹ́ nílẹ̀, kì í ṣe arákùnrin yìí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo dárúkọ òkè òkun yìí, ẹ jẹ́ kí n fèsì fún àwọn tó máa ń béèrè nípa jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà. Àwọn ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé aṣọ àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń wá: jákẹ́ẹ̀tì jíǹsì Levi's, kóòtù Barbour tí wọ́n fi ìda pa. Mo kan sáárá sí wọn lórí ohun kan. Bí kóòtù Barbour bá ya, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún fi ìda pa á, wọ́n á wọ̀ ọ́ fún ogún ọdún sí i. Àwọn náà mọ̀ pé ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n òjò àti òtútù England ni wọ́n ṣe kóòtù yẹn fún. Ẹ gbé e wọ̀ ní Àkúrẹ́ lágogo mẹ́wàá àárọ̀, kódà nínú ọyẹ́, ẹ máa mọ̀ bí ẹ̀wà ṣe ń jinná nínú ìkòkò. Ọyẹ́ tiwa, àárọ̀ kùtù ló ń tutù, oòrùn á yọ, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Aṣọ tí a nílò ni èyí tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó sì ṣeé bọ́ ká gbé e lé èjìká. Jákẹ́ẹ̀tì jíǹsì tó fúyẹ́ lè ṣe é. Ti ìda, rárá.

Ó lè jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ bàbá rárá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ ra tuntun nígbà náà. Àwọn ahunṣọ wà ní Oǹdó níbẹ̀, wọ́n wà ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ òwú tó ń dán. Òwú dídán ló kún inú aṣọ òkè òde òní, torí pé aṣọ ẹbí ni wọ́n ń hun ún fún. Ó dára lábẹ́ iná gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n lójú ọ̀sán ní ìdíkọ̀, ẹ máa dà bí ẹni tó sá kúrò níbi ìgbéyàwó. Ẹ béèrè fún òwú oko, àwọ̀ ẹtù. Ẹtù ni aró dúdú tí ìlà tín-ín-rín funfun tàbí búlúù fẹ́lẹ́ gba inú rẹ̀, bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù gan-an. Kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn, ó sì bá gbogbo ṣòkòtò lọ.

Ẹ tún lè wá kíjìpá. Èyí ni tèmi, bí ẹ bá bi mí. Àwọn obìnrin ló ń hun kíjìpá, lórí òfì òòró, kì í ṣe òfì ọkùnrin. Aṣọ wọn fẹ̀, ó ki, ó wúwo, aṣọ iṣẹ́ oko ni látijọ́. Apá ọ̀dọ̀ wa níbí, Èkìtì, Àkókó, Ọ̀wọ̀, ilé kíjìpá ni. Bí ẹ bá rí ìyá àgbà kan tó ṣì ní in nínú ẹrù, ẹ má ná an ní ìná àìmọkan. (Ẹni tó bá sì ń lọ sí Ọ̀wọ̀ láti wá a kiri, kó béèrè bóyá àsìkò Ìgógò ni. Wọn kì í dé fìlà nígbà ọdún yẹn. Ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n ṣí abetí ajá kúrò lórí yín láàárín ọjà.)

Bùbá abẹ́ ńkọ́? Àdìrẹ ni kí ẹ wá. Búlúù ẹ̀lú lábẹ́ àwọ̀ sányán, kò sí èyí tó dùn ún wò tó o. Ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkèrè, ẹ yí i padà: ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun ràkọ̀ràkọ̀, torí ojú kan ṣoṣo ni àwọ̀ gbà. Aró gidi, aṣọ rì sínú ìkòkò ni, ó mu aró tinú tẹ̀yìn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ojú kan ni wọ́n fi ẹ̀kọ ya, nítorí náà ọnà rẹ̀ lè ṣókùnkùn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n búlúù náà á wà níbẹ̀. Ẹ wá wo ọnà kan tó farahàn lẹ́ẹ̀mẹta lára aṣọ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu láìyẹ̀ rárá, ọwọ́ èèyàn kọ́ ló ya á. Ẹni tó ń ta ayédèrú lówó pọ́ọ́kú kì í parọ́ ní gbogbo ìgbà o, ẹlòmíràn á sọ fún yín pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ta á ní iye owó àdìrẹ gidi lẹ máa ṣọ́ra fún. Obìnrin tó ń rẹ aró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo ló ń pàdánù oúnjẹ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ arákùnrin wa, mo fẹ́ kó ní iṣẹ́ ṣe lọ́la. Bẹ́ ẹ bá gbé agbádá náà dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ẹ má fi sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ jókòó tì í. Kó má fi réésọ̀ ya ojú rírán wàrà. Kó máa já òwú rírán náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì kékeré ẹlẹ́nu ṣóṣóró, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ méjì ni. Bó bá ní òun ò ní sùúrù, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀ fún un kó máa lọ, kí ẹ gbé aṣọ náà lọ sọ́dọ̀ aránṣọ àgbàlagbà kan ní Oǹdó tó ti rán aṣọ òkè rí. Òwú tí wọ́n máa fi tún un rán, òwú oko ni kó jẹ́. Òwú ọ̀rá lágbára ju sányán àtijọ́ lọ. Bí aṣọ bá fà, òwú kò ní já, aṣọ ló máa ya. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ ta á sí afẹ́fẹ́ níbòji, ó tó. Bí ẹ bá dá a padà sínú àpótí, ẹ ká a lọ́nà mìíràn yàtọ̀ sí bí bàbá ṣe ká a, nítorí ibi tí aṣọ bá ti ká sí fún ọdún mẹ́fà, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ já. Káńfọ̀ díẹ̀ nínú ìwé, kó má kan aṣọ náà gan-an.

Àwọn ọ̀já 16 tó bá kù, ẹ má fi wọ́n sọ́dọ̀ télọ̀. Ẹ ká wọn, ẹ gbé wọn lọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun ni kẹ́ ẹ lọ bá a o, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti tú u. Ẹ sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ní gé e. Ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú èyí tó kù. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ kó padà di agbádá, ẹ̀yin la máa wá bá.” Bó bá fẹ́ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe ìborùn, ti bàbá rẹ̀ náà ni. Bó bá sì kọ̀ pátápátá, ẹ fi aṣọ náà sílẹ̀, ẹ lọ ra ẹtù. Kò sí òtútù kankan ní Àkúrẹ́ tó tó èyí tó máa wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì bẹ́ ẹ bá fipá ṣe é.

Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa bó bá parí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sálúbàtà aláwọ ló kàn, a máa sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣí lẹ́yìn oṣù méjì. Ó dàbọ̀ o.